Ulé Kì í Ṣe Àìsàn

Ìjerò-Èkìtì
3 Oṣù Kejì, 2025

Lydia ọmọ mi,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì pa ọ́? Oòrùn ibí ò tíì pa àwa náà, a dúpẹ́. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé ọ̀rọ̀ fóònù wa ò níyì mọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní ò ń gbé arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ní ṣe lo máa ń mú un sáré, tí ohùn mi á wá máa dún bíi ti ẹyẹ ẹ̀gà. Èmi, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta! Ìwé ò ṣeé mú sáré. Dàpọ̀ á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ráyè. Kò níyàwó tó ń dí i lọ́wọ́.

A gbé ọmọ rẹ lọ sí ọsibítù ní Adó lọ́jọ́ Túsìdeè, kí wọ́n lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti rán àjà ẹnu rẹ̀ tó là. Ọmọbìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ń jẹ́ Miss Joy. Ọmọ Warri ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti kàwé, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju ti Dàpọ̀ lọ. Ó fi dígí kékeré sábẹ́ imú Ayọ̀mípọ̀sí, ó ní kó máa wí "papapa", kó máa wí "bababa", òun fẹ́ mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń gba imú sá jáde. Kùrukùru díẹ̀ wà lára dígí náà. Mo ní kó gbé e sábẹ́ imú tèmi náà ká wò ó. Gbogbo dígí fọ́jú pátápátá.

Ó ní, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ mí."

Mo ní, "Ṣé kí n kú ni?"

Lẹ́yìn náà ló kó àwòrán mẹ́rìnlélógún jáde. Ọmọ ń dárúkọ wọn, òun ń fi bírò ṣe máàkì. Kò sí èyí tí ọmọ rẹ ò mọ̀. Nígbà tó dé orí àwòrán iṣu, ó tiẹ̀ bi Miss Joy bóyá wọ́n máa sè é. Obìnrin náà wá kọjú sí mi, ó ní báwo la ṣe ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí nílé. Mo tún gèlè mi ṣe. Mo fi ohùn tí mo fi ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pè wọ́n fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gba A3 nínú Yorùbá lọ́dún 1981.

Ó ní, "Màmá, Yorùbá yín mà dùn o."

Mo ní, "Kò sí àdàmọ̀dì nílé wa."

Wọ́n ní àwọn á fi èsì ránṣẹ́ sí ìwọ tí o bí i. Má gbàgbé láti jẹun. Bí o bá rí ọmọbìnrin Èkìtì kan níbẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ, fọ́tò Dàpọ̀ wà lọ́wọ́ mi, èyí tí ikùn rẹ̀ ò hàn.

Ìyá rẹ,
Bọ́sẹ̀dé Fájẹ́misìn


Leeds
9 Oṣù Kejì, 2025

Màámi,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ kí yín pẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Èsì ti dé. Nínú àwòrán mẹ́rìnlélógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ayọ̀mípọ̀sí kùnà. Màámi, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ẹ kọ̀wé sí mi bí ẹni tó ti àpèjẹ bọ̀. Dókítà ní bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá kùnà ju ìdajì lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibi tí wọ́n rán nígbà àkọ́kọ́ kúrú, kò pa ọ̀nà imú dé dáadáa. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ kejì. Wọ́n ní kí n buwọ́ lùwé.

Ṣé ẹ̀ ń bá a ṣe àwọn nǹkan tó wà nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́? Tàbí ẹ kàn ń jẹ́ kó máa jó kiri lẹ́yìn ewúrẹ́? Oṣù Kẹsàn-án ló máa wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí àwọn ọmọ ṣe rí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe ọmọ mi ní aránmú.

Lydia


Ìjerò-Èkìtì
20 Oṣù Kejì, 2025

Lydia,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Mo kí ọ. Mo bínú.

Ta ló ń jó lẹ́yìn ewúrẹ́? Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní, o ní kí n tà á fún owó ọkọ̀ nígbà tí ò ń lọ, mo sì tà á.

Àbí o ti gbàgbé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́? Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi lè gbé ògì mì. Ìwọ ń sunkún ní kọ́rídọ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ ra omi. Omi náà jìn, kò tíì dé títí di òní. Èmi ni mo di ọwọ́ ọmọ mú tọ̀sán-tòru kó má bàa ki ìka bọnu fa òwú yọ, tí itọ́ ẹlẹ́jẹ̀ ń dà sí mi láyà. Ẹ fẹ́ tún la ibẹ̀? Bí ẹ bá fẹ́ la nǹkan, obì pọ̀ lọ́jà.

Mo ń gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ yìí ń sọ. Lánàá, mo bu ẹran kékeré fún un, ó ní Màámàá ahun ni mí. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Má buwọ́ lu ohunkóhun. Fi ìwé èsì náà ránṣẹ́, kí n fi ojú ara mi kà á.

Ìyá rẹ

Lydia, èmi Dàpọ̀ rèé lábẹ́ níbí, èmi ni mo ń ya fọ́tò. Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ikùn mi. Mo ń fẹ́ ẹnì kan. Má sọ fún wọn.


Leeds
23 Oṣù Kejì, 2025

Màámi,

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ti buwọ́ lùwé. Wọ́n ti mú ọjọ́: 15 Oṣù Kẹrin. Ìwé èsì náà rèé, mo so ó mọ́ lẹ́tà yìí.

Pé ẹ̀yin ń gbọ́ ohun tó ń sọ ò tó. Ẹ̀yin lẹ ń sùn tì í. Ẹ̀yin á gbọ́ ọ bó bá tilẹ̀ ń fi imú nìkan sọ̀rọ̀. Ṣé tíṣà rẹ̀ á gbọ́ ọ? Ṣé ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú á gbọ́ ọ? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ nǹkan kan fún mi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò gbọ́. Mo dọ́gbọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa." Ó mọ̀ pé mi ò gbọ́, Màámi. Ó gbé fóònù fún Dàpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Lydia


Leeds
16 Oṣù Kẹta, 2025

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ò fèsì. Mo pè yín, Dàpọ̀ ló gbé e, ó ní ẹ wà ní oko. Mo pè ní Sunday, ó ní ẹ wà ní oko. Láti ìgbà wo lẹ ti ń lọ sóko ní Sunday? Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ẹ̀kọ́?

Ó ku oṣù kan géérégé. Wọ́n ní kí ẹ gbé e wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ 27 oṣù yìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ mi pa mọ́ sí Ìpòtì lọ́dọ̀ àwọn ẹbí yín, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ sọ fún mi.

Lydia


Ìjerò-Èkìtì
18 Oṣù Kẹta, 2025

Lydia ọmọ mi,

Mi ò gbé ẹnikẹ́ni pa mọ́. Ara mi ni mò ń gbé pa mọ́. (Dàpọ̀, bí o bá tún kọ nǹkan sábẹ́ lẹ́tà mi, màá fi ọ́ fún opó kan tó wà ní títì kejì. Ó ti bèèrè ọ.)

Láti ọjọ́ kejì tí o fi ìwé náà ránṣẹ́ ni mo ti kà á. Dàpọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, mo wọ awò, mo jókòó síwájú ilé. Miss Joy kọ gbogbo ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀, ó fi àmì pupa síwájú èyí tó kùnà. Gbọ́ bí wọ́n ṣe tò ó: Ulé. Uṣu. Ugi. Ugbá. Umú. Uná. Ùkòkò. Ùgbín. Ulẹ̀kùn.

Lydia, mo rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi wá wò bóyá wèrè ló dé. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹnu Ìjerò wa ni! Bí ulé bá jẹ́ àìsàn, kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ wá sí àárín ọjà Ìjerò, kí gbogbo ìlú tò sí ìlà, kí wọ́n kọ́kọ́ mú àwọn ìjòyè.

Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín tán ni mo rántí pé ọmọbìnrin yẹn ò dédé fi àmì pupa sí i. Ó bi mí. Ó na àwòrán sí mi, ó ní, "Màmá, nílé yín, kí lẹ̀ ń pè é?" Èmi ni mo ní "ilé". Pẹ̀lú gèlè.

Lydia, ìgbà wo lo gbọ́ "ilé" lẹ́nu mi nínú ulé yìí? Mo máa ń wí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń wí i ní báǹkì. Lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá dá wa dúró lọ́nà Aràmọkọ, mo pè é fún ọlọ́pàá. Mi ò pè é fún ọmọ rí. Ní ilé ìwé wa, bí o bá wí "ulé" ní kíláàsì, rúlà ni wọ́n á fi gbá ọ léèékánná. Nígbà tí ọmọ Warri wá jókòó síwájú mi tó ń sọ Yorùbá bí akéwì orí rédíò, èékánná ló ń dùn mí. Mo ní kì í ṣe èmi lá á máa sọ̀rọ̀ ará oko níwájú àlejò.

Miss Joy náà gbà pé ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń wí "ilé" tó wá ń wí "ulé", ẹnu rẹ̀ ni kò dá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ láìsọ ọ́. Mo jáde lọ sí Adó lẹ́ẹ̀kan, mo dé géètì, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, mo padà sílé. Ọjọ́ ń sún mọ́. Mo ti sọ ọ́ báyìí. Bú mi.

Ìyá rẹ


Leeds
19 Oṣù Kẹta, 2025

Màámi!

Mo fẹ́ bú yín. Mo ti ro èébú náà sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó dùn. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀! Wọ́n fẹ́ la ọmọ lẹ́nu, ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ padà sílé!

Ìgbà tí mo délé ni mo ṣí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: èdè wo ni ọmọ ń gbọ́ nílé? Màámi, ẹ mọ ohun tí ọmọ yín kọ? Mo kọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi kọ́mà sí i, mo kọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì nínú ulé wa! Ta ló ń sọ ọ́? Àwọn adìẹ?

Nítorí náà, mi ò lè bú yín. Ẹ lọ sí Adó. Ẹ má ra nǹkan kan lójú ọ̀nà. Ẹ má sì mú ohùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn dání.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo bù lùwé ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ ka mẹ́sàn-án, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa mẹ́fà yòókù. Bí wọ́n bá yọ ulé kúrò tí wọ́n ṣì ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n á ṣe é.

Lydia


Ìjerò-Èkìtì
27 Oṣù Kẹta, 2025

Lydia ọmọ mi,

Jẹ́ kí n ròyìn Adó fún ọ kó tó tutù.

Àárọ̀ yìí la débẹ̀. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ilẹ̀kùn yàrá Miss Joy sì ṣí sílẹ̀ nítorí ooru. Mo ní mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó gbé àwòrán ilé sókè. Ó ní, "Màmá, kí lèyí?"

Mo la ẹnu. "I..." Ó há. Lydia, mo ti gbèrò rẹ̀ láti Ìjerò dé Adó, àmọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ wọ ojú mi, rúlà dé.

Ọmọ rẹ wò mí pẹ̀lú àánú. Ó ní, "Màámàá, ulé ni. Ẹ ti gbàgbé?"

Mo ní, "Ulé." Mo tún un wí, ó ròkè sí i. "Ulé ni. Uṣu ni. Ugi ni. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo purọ́ fún ọ."

Miss Joy gbé bírò sílẹ̀. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n lórí bẹ́ǹṣì bá dá sí i: "Ẹ̀fọ̀n ni mo ti wá, ulé làwa náà ń wí o." Bàbá kan tí etí ló gbé e wá, tí a rò pé kò gbọ́, ní Aràmọkọ ni tòun, ulé ni lóòótọ́, àmọ́ àwọn ará Ìjerò ń fà á gùn bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Mo ní kó lọ tọ́jú etí rẹ̀ ná kó tó máa yẹ ohùn ẹlòmíì wò. Obìnrin Ẹ̀fọ̀n ní àwọn méjèèjì ò mọ̀ ọ́n wí, Ẹ̀fọ̀n ló ni í. Ariwo sọ. Nọ́ọ̀sì kan wá bèèrè ẹni tó kú.

Miss Joy ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ fi Yorùbá ńlá kí mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní Warri, bàbá òun kì í jẹ́ kí wọ́n fi èdè àdúgbò dá àlejò lóhùn, ìgbátí ni. Ó ní ó yẹ kí òun ti gbọ́ bí èmi àti ọmọ ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń jẹun, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní kí n pe gbogbo àwòrán mẹ́rìnlélógún pẹ̀lú ẹnu ilé mi, òun á gbà á sílẹ̀. Mo pè wọ́n. Ọmọ ń pè é tẹ̀ lé mi. Ó wá fi ti ọmọ wé tèmi.

Mẹ́fà ló kù. O sọ òótọ́, mi ò fẹ́ wo mẹ́fà yẹn. Bàtà ń di màtà lẹ́nu rẹ̀. Adìẹ ń di anìẹ. Bọ́ọ̀lù, aṣọ, ọsàn, ṣíbí, atẹ́gùn ń gba imú lọ lára wọn. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń tún un sọ nínú orí mi kí ó tó dé etí mi. Èmi gan-an lògbufọ̀ rẹ̀, mi ò sì mọ̀.

Wọ́n pe dókítà. Ó ka ìwé tuntun, ó ní ọmọ tó kùnà mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé dígí ń fọ́jú díẹ̀ péré, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sáré là. Kó máa wá sọ́dọ̀ Miss Joy ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ṣèlérí. Bí kò bá yí padà, iṣẹ́ abẹ ni.

Ṣùgbọ́n wọn ò lè fagi lé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún láìjẹ́ pé ìwọ tí o buwọ́ lù ú ló kọ̀wé. Mo ní èmi ni mo bí ẹni tó buwọ́ lù ú. Wọ́n ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Kọ̀wé o, Lydia. Mi ò pàṣẹ. Mò ń bẹ̀ ọ́.

Ìyá rẹ


Leeds
28 Oṣù Kẹta, 2025

Màámi,

Mo ti kọ̀wé. Wọ́n ti dáhùn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ti kúrò ńlẹ̀.

Miss Joy fi ohùn yín àti tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ ọ ní ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, mi ò mú un sáré. Màámi, nǹkan tó sọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn tí mi ò gbọ́, mo rò pé imú ló fi sọ ọ́. Ìgbà tí mo gbọ́ bó ṣe pe ulé lẹ́yìn yín ló yé mi. "Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀ ní ulé?" ló ń bi mí. Ọdún méjì péré ni mo lò níbí, Màámi. Ta ló wá sọnù, èmi tàbí ọmọ mi?

Ẹ jẹ́ kó gbé fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Màá dá a lóhùn.

Lydia


Ìjerò-Èkìtì
14 Oṣù Keje, 2025

Lydia ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá.

O mọ̀ pé láti Oṣù Kẹrin, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé bébà fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu ọmọ rẹ. Bó bá wí "p" tí bébà fò, atẹ́gùn gba ẹnu. Bí bébà bá dúró, imú ló gbà. Miss Joy ní kì í ṣe pé kó kàn máa fẹ́ afẹ́fẹ́ bí ẹni ń koná, ọ̀rọ̀ gidi ni kó máa sọ. A ti wí pápá, pákó, pàǹtí, bàtà, bàbá. Bébà kan máa ń fò, èkejì máa ń dúró. Mi ò kọ ọ́ sí ọ tẹ́lẹ̀ kí n má bàa fi ìrètí òfo kún orí rẹ.

Àná ni ọjọ́ àwọn ọmọdé. Àkọ́sórí ẹsẹ mẹ́rin ni wọ́n fún Ayọ̀mípọ̀sí. Bàbá Ìjọ, Pa Ògúnlàdé, ló máa ń ṣe ògbufọ̀ fún àwọn oníwàásù tó bá wá láti ibòmíì. Ẹni rere ni. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ rẹ dúró sórí àga, bàbá náà mú máíìkì kejì, ó lọ dúró tì í, kí ìjọ lè gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ọmọ wí ẹsẹ kìíní. Pa Ògúnlàdé ní, "Ó ní..." ó tún un wí. Ìjọ ní, "Àmín." Ọmọ wo òkè, ó wò ó. Ó wí ẹsẹ kejì. Bàbá ní, "Ó ní..." Àwọn ọmọdé lẹ́yìn ti ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i tí ọmọ rẹ ń fi ọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀. Ó wí ìdajì ẹsẹ kẹta, bàbá ti ń ní, "Ó ní..."

Ó yíjú sí i. Ó sọ ọ́ sínú máíìkì: "Bàbá Ìjọ, ẹ panu mọ́, mò ń sọ̀rọ̀."

Lydia, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta gúgúrú lẹ́yìn géètì ni wọ́n gbọ́ ọ. Ògbufọ̀ ti mọ́ Pa Ògúnlàdé lára. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, òun náà ti wí i fún gbogbo ìjọ: "Ó ní kí n panu mọ́, òun ń sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ mi ti gbéra láti lọ gbá a létí. Ẹni ọdún mẹ́rin sí ẹni àádọ́rin! Àmọ́ etí mi ti ń kà á: "b" ti bàbá, méjèèjì jáde. "P" jáde bí ìbọn. Mo bá fi ọwọ́ náà nu ojú. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ti ṣubú lé ara wọn. Dàpọ̀, tó wá pẹ̀lú ọmọbìnrin kan láti Ara-Èkìtì tó ní òun ò mọ̀ rí, rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi mú un jáde.

Pa Ògúnlàdé wò mí. Ó wo ọmọ. Ó pa máíìkì rẹ̀, ó sì lọ jókòó.

Ọmọ rẹ dúró títí ariwo fi lọ sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní, ó wí i dé òpin, kò sì sí ògbufọ̀.

Ìyá rẹ,
Bọ́sẹ̀dé